Àwọn àgbẹ̀ orí òkè tí òjò ń já kulẹ̀: ẹ jẹ́ ká sọ ohun tójú wa rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Plateau ni wọ́n gbé mi lọ nígbà tí mo jẹ́ kọ́pà ní 2022, abúlé àwọn Berom kan lápá Barkin Ladi. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga tó bíi 1,200 mítà, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, àwọn ló ń gbin pòtétò tá à ń rà l'Ékòó. Ohun tí wọ́n ń sọ fún mi ni pé òjò ò kọ̀ láti rọ̀ o, àsìkò ẹ̀ ló ti dàrú. Á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn á sáré gbin nǹkan, á wá dákẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irúgbìn á kú sílẹ̀, ìgbà tó bá sì máa padà dé, á dé pẹ̀lú ìbínú, á gbá gbogbo yẹ̀pẹ̀ dúdú ojú ilẹ̀ lọ sínú àfonífojì.

Èmi ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì, nítorí náà nígbà tí àwa kọ́pà fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, irúgbìn àgbàdo ìgbàlódé la dáwó rà, a pín in. Ọ̀dá yẹn dé, ó pa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Mama tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ò sọ̀rọ̀ burúkú kankan, wọ́n kàn mú mi lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n gbin acha sí, ọkà kan báyìí tó kéré bí iyanrìn, lórí ilẹ̀ olókùúta tí mo ti ń kọjá lára ẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n tún fi ìlà òkúta àtijọ́ kan hàn mí tí bàbá ọkọ wọn tò dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, èyí tó kù ti túká. Wọ́n ní omi tó ń sáré ò lè wọ inú ilẹ̀, ká kọ́kọ́ bá àwọn dá a dúró.

Ohun tá a wá ṣe nìyẹn. Kí ìlà òkúta náà má bàa ga níbì kan kó sì rẹlẹ̀ níbòmíì lára òkè, igi mẹ́ta la so pọ̀ bíi lẹ́tà A, a so òkúta mọ́ okùn, a jẹ́ kó máa rọ̀ wálẹ̀ láti orí ẹ̀. Tí okùn bá ti bọ́ sójú àmì tó wà láàárín igi tó dábùú, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba, a ó kan èèkàn síbẹ̀, a ó tún gbé e síwájú. Ibi tí èèkàn bá gbà la to òkúta sí. Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, a sáré lọ wò ó, yẹ̀pẹ̀ ti dúró sẹ́yìn òkúta, ó nípọn tó ìka méjì. Omi bọ́ lójú mi.

Àwọn tí oko wọn wà létí kòtò omi tí àwọn awakùsà ayé òyìnbó fi sílẹ̀ máa ń fi pọ́ǹpù fa omi sí kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó dáa, àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ọ̀pọ̀ ò lè ra pẹtiróò tó máa gbé e mọ́. Ó ń dùn mí tí mo bá rí ètò ìrànwọ́ tó jẹ́ pọ́ǹpù nìkan ni wọ́n ń pín.

* * *

Àbúrò mi, o ṣeun. Mòrókò ni mo ti kàwé. Wọ́n mú wa lọ sí òkè Boutmezguida nítòsí Sidi Ifni, òjò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ ṣùgbọ́n kùrukùru máa ń ti orí òkun wá bo òkè náà. Àjọ Dar Si Hmad na nẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ bí ẹni sá aṣọ, kùrukùru á gbabẹ̀ kọjá, á di omi, páìpù á gbé e lọ sáwọn abúlé ìsàlẹ̀. Ìyá kan ní kó tó di ìgbà yẹn, òun máa ń lò tó wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ lọ́nà kànga. Omi ilé ni o, kò tó rin oko, ṣùgbọ́n ẹ wo àsìkò tó dá padà fún wọn.

Jọ̀ọ́, ẹ̀rọ onígi mẹ́ta yẹn, báwo lẹ ṣe mọ ibi tí àmì wà? Bàbá mi l'Ókè-Ògùn nílò ẹ̀.

* * *

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ méjèèjì kó gùn tó mítà méjì, èyí tó dábùú kó tó mítà kan. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ sàmì síbi tí okùn bá dúró sí. Ẹ wá yí i po kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sójú ibi tí tòsì wà, ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni ojú ibẹ̀ gan-an. Ẹ bá mi kí Bàbá, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀ kí òjò tó dé.