Ọjọ́ Ẹbí ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Tíṣà Kíláàsì Kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná, kí ẹ̀yin náà wá ro tiyín.

Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún ni mò ń kọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe Ọjọ́ Ìyá bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é: a kọrin, a ṣe káàdì, ó parí. Lọ́dún kẹta, ọmọkùnrin kan ká káàdì tirẹ̀, ó tì í sábẹ́ àga. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ta ni kí n fún?" Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń tọ́ ọ, èmi tíṣà rẹ̀ sì mọ̀! Ojú tì mí.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbé e lọ sí ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ẹbí, tí wọ́n sì ti ń ṣe láti 1994. Kò jìnnà sí Sunday kejì oṣù náà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń ṣe Ọjọ́ Ìyá, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ya ìyá rẹ̀ ṣì ráyè yà á.

Ìṣirò ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Mo ní kí kálukú mú búlọ́ọ̀kù onígi kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n jọ ń gbélé, kó tò ó léra lórí bébà tí orúkọ rẹ̀ wà. Mo fẹ́ kí a wò ó pé ta ló pọ̀ jù, mélòó ni èyí fi ju ìyẹn lọ. Háà! Ó di ìdíje. Ẹnì kan ka ológbò mọ́ ọn. Òmíràn ka ẹ̀gbọ́n tó ti lọ sílé ọkọ. Ti ẹni tó ní mọ́kànlá wó lulẹ̀, ó figbe ta. Ọmọbìnrin kan to mẹ́rin, mo wá rí i tó ń ki ìkarùn-ún bọ àpò. Mo rò pé ó fẹ́ mú un lọ ilé ni. Ó ní, "Àbúrò mi ni, tíṣà. Kò tíì jáde."

Mo bi kíláàsì: ṣé ká kà á, àbí ká má kà á? Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí ni pé kó wà lápò, ká kọ 4, ká sì fi àyè ẹyọ kan sílẹ̀ lókè. Mi ò tíì kọ́ wọn ní "ó ku ọ̀kan" kó yé wọn tó báyìí rí.

Bàbá Ìbejì

Ẹ ṣeun, tíṣà. Òbí lèmi o. Káàdì tí àwọn tèmi gbé wálé lọ́dún tó kọjá, bí ẹ̀rọ ló ṣe é ló rí. Òdòdó kan náà, ewé kan náà, etí rẹ̀ gún régé. Mo ní, "Èwo lẹ ṣe níbẹ̀?" Èyí àbúrò yí tiẹ̀ padà, ó nawọ́ sí ibi tí gọ́ọ̀mù ti dọ̀tí bébà: "Èyí." Ìyá wọn gbé e kọ́ ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ síta títí dòní.

Anna Jarvis tó bẹ̀rẹ̀ Ọjọ́ Ìyá ní Amẹ́ríkà ní 1908 pàápàá kórìíra káàdì tí wọ́n tẹ̀ fún títà. Ó fẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ dákun, ẹ gbé àlùmọ́gàjí yẹn lé wọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó wọ́.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, torí Friedrich Froebel, ará Jámánì tó dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ tó sì sọ ọ́ lórúkọ ní 1840, fi búlọ́ọ̀kù onígi ṣe ohun ìkẹ́kọ̀ọ́ fún ọmọdé. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí ìyá rẹ̀ fi kú. Ká ní wọ́n ṣe Ọjọ́ Ìyá ní kíláàsì rẹ̀ ni, òun gan-an ni ì bá ti káàdì sábẹ́ àga.

Tèmi rèé. Mo ránṣẹ́ pe àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà, àwọn tó wá kò tó ìdajì. Kí àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò wá fún má baà máa wo ẹnu ọ̀nà, mo fi wọ́n ṣe oníròyìn: àwọn ni yóò béèrè ìbéèrè, àwọn ni yóò ya ìdáhùn. Ọ̀kan nínú wọn dúró níwájú ìyá àgbà kan, ó ní, "Ṣé ẹ ti ṣe ọmọdé rí?" Màmá ò fọhùn. Wọ́n rọra ká aṣọ sókè, wọ́n fi àpá kan hàn án lórúnkún, wọ́n ní orí igi làwọn ti já bọ́, àwọn ò tíì tó o nígbà yẹn. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo kíláàsì ti ká ṣòkòtò, wọ́n ń wá àpá tiwọn. Orúnkún ogún ọmọ! Ẹ̀kọ́ mìíràn tí mo múra sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò rántí ẹ mọ́.

Tíṣà Kíláàsì Kékeré

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun. Bàbá Ìbejì, mo ti gbọ́, àlùmọ́gàjí ti dọ́wọ́ wọn.

Ọmọ tó fi búlọ́ọ̀kù sápò dé láàárọ̀ yìí, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì mi. Ìyá rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n fún òun ní ẹyọ kan sí i. Bàbá Ìbejì, ẹ ti ní ẹgbẹ́ o. Àyè kan ṣoṣo la sì fi sílẹ̀ lórí bébà.