Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ìgbín òkun fún àpótí ẹja kékeré

Ẹ kú àánú mi. Mo béèrè lọ́wọ́ yín pé àwọn ẹ̀dá wo ló yẹ àpótí ẹja olómi iyọ̀ mi tó gba 60 lítà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, kí wọ́n lè máa jẹ ewéko tó ń bo gíláàsì àti oúnjẹ tí ẹja bá jẹ kù. Mo ti yàn.

Ìgbín òkun nìkan ni mo mú. Irú tó ń jẹ́ Trochus ń họ gíláàsì àti òkúta mọ́, bí ó bá sì dojú dé, ó lè yí ara rẹ̀ padà, èyí tó sábà máa ń nira fún ìgbín Astraea lórí yanrìn. Ìgbín Nassarius, tó máa ń sin ara rẹ̀ sínú yanrìn títí òórùn oúnjẹ yóò fi kàn án, kì í jẹ ewéko, nítorí náà méjì péré tó mi. Mo fi akàn tó ń gbé inú ìkarahun sílẹ̀, bí ọ̀pọ̀ yín tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó lè pa ìgbín láti gba ìkarahun rẹ̀.

Ẹni tó kìlọ̀ nípa oògùn ẹja tó ní bàbà nínú ṣe mí lóore gidi, nítorí bàbà a máa pa ìgbín àti edé. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, omi ń fà ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ kì í fà; omi aláìníyọ̀ ni mo fi ń dípò rẹ̀, kí iyọ̀ má baà kọjá nǹkan bí 35 gíráàmù nínú kílógíráàmù omi kan. N kò ní fi ìgbín kún un mọ́, kí ebi má baà pa àwọn tó wà níbẹ̀.