Ọjọ́ tí a da kọnkéré nínú ọyẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Oṣù kìíní ọdún 2013 ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí mo ń retí ìwé ìgbaniwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí mo sì ń fi iṣẹ́ lébìrà gbọ́ bùkátà ara mi. Àrámọkọ ni mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ṣùgbọ́n Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni ọ̀gá bíríkìlà tí mò ń tẹ̀ lé ti rí iṣẹ́. Ẹni tí kò bá tíì dé Ẹ̀fọ̀n lásìkò ọyẹ́ lè máa rò pé ìlú òyìnbó nìkan ni òtútù ti ń dá ènìyàn lóró. Àárín òkè ni ìlú náà wà, afẹ́fẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ a sì máa gba àárín àwọn òkè wọ̀nyẹn wọlé, bí ìgbà tí a bá ṣí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo gun ọ̀kadà. Mo wọ ẹ̀wù mẹ́ta léra, mo sì fi ìborùn màmá tí mò ń bá gbé wé etí, síbẹ̀ nígbà tí a ó fi dé Ẹ̀fọ̀n, n kò lè ká ìka mi láti yọ owó. Ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ ló ki ọwọ́ bọ àpò mi, tó mú owó rẹ̀, tó sì fi ṣéńjì síbẹ̀. N kò ka ṣéńjì náà títí di òní. Kùrukùru ti bo gbogbo òkè, ekuru ọyẹ́ sì ti kun ewé igi títí gbogbo wọn fi di aláwọ̀ eérú.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin tó ni ilé náà, Màmá sì ni gbogbo wa ń pè é. Ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀, a ti rọ iyẹ̀pẹ̀ kún un, a sì ti gún un mọ́lẹ̀. Jámánì fúlọ̀, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré, ti yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ ló kù tí a fẹ́ dà. Àwa lébìrà jẹ́ mẹ́jọ. Àpò sìmẹ́ńtì kan, tí ó jẹ́ 50 kìlógíráàmù, a máa kún páànù méjì. Ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn méjì sí gíránáìtì mẹ́rin ni à ń lò, nítorí náà páànù yanrìn mẹ́rin àti páànù gíránáìtì mẹ́jọ ni a ń dà sí àpò kọ̀ọ̀kan, tí a ó sì fi ṣọ́bìrì yí i títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dọ́gba. Gíránáìtì tó sun ìta mọ́jú tutù débi pé ó ń dun ènìyàn wọ egungun. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ọyẹ́ àti sìmẹ́ńtì ti jọ ṣe àdéhùn: ọyẹ́ á kọ́kọ́ la awọ ọwọ́, omi sìmẹ́ńtì á wá wọ ojú ibi tó là, á sì máa ta bí ata. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kan nínú wa ti fi òrí pa ọwọ́, ètè àti gìgísẹ̀ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. A fi í ṣẹ̀sín pé ìyàwó ni ó ń lọ gbé. Kí aago mẹ́wàá tó lù, gbogbo wa ti ń tọrọ òrí lọ́wọ́ rẹ̀.

Èrò mi ni pé oòrùn ni ọ̀tá kọnkéré, àti pé bí ojú ọjọ́ bá ti tutù, iṣẹ́ á yá. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó funfun bí òṣùpá tí ènìyàn lè tẹjú mọ́, ọ̀gá pè mí sí yàrá tí a kọ́kọ́ dà. Ojú kọnkéré náà ti ń gbẹ ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, mo sì rí ìlà tín-ín-rín níbẹ̀, bí fọ́nrán irun. Ọ̀gá kò pariwo, kì í pariwo rárá. Ó ní kọnkéré kì í gbẹ bí aṣọ ṣe ń gbẹ. Omi àti sìmẹ́ńtì ló ń para pọ̀ di òkúta, iṣẹ́ náà sì ń pẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹnjiníà fi máa ń ka ọjọ́ 28 kí wọ́n tó wọn agbára rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá ń fa omi ojú rẹ̀ lọ kíákíá ju bí omi inú rẹ̀ ṣe ń gòkè bọ̀, ojú á sún kì nígbà tí inú kò tíì sún kì, kò sì ní ṣàì là. Ọ̀kan nínú wa dábàá pé kí a kúkú bu omi púpọ̀ sí àpòpọ̀ tó kù. Ọ̀gá mi orí. Ó ní omi tó bá pọ̀ jù nínú rẹ̀ á padà jáde, á fi ihò sílẹ̀, ilẹ̀ náà á sì máa hú nígbà tí wọ́n bá ń gbá a. "Orí rẹ̀ ni kí ẹ bu omi sí nígbà tó bá ti dì. Ẹ má bu ú sí inú rẹ̀."

Omi gan-an wá di ìṣòro. Kànga Màmá ti fà, ẹrẹ̀ ni garawa ń gbé bọ̀. Onítáńkà omi tó ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láti àná ní òun yóò dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ yẹn ní Ìkógòsì kò kúkú jìnnà, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé, kí Màmá lọ bẹ méjèèjì kí wọ́n yà sọ́dọ̀ wa. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ bàtà, ó kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n sì forí lé odò. Nígbà tó ń bọ̀, ó yà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ra kòkó láti tọrọ àpò tí a ó rẹ sínú omi, tí a ó fi bo kọnkéré. Àsìkò kòkó ni, ọkùnrin náà kò sì lè fi àpò tó dára sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún un ní èyí tó ti ya.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti iyán. Èkìtì ni a wà, kò sí bí a ó ṣe ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí a má jẹ iyán. Nǹkan bí aago méjì ni ọmọdébìnrin kan gbé e dé nínú abọ́ ńlá, ṣùgbọ́n kò bò ó. Láàárín ilé ìdáná sí ibi tí a wà, ọyẹ́ ti mú kí ojú iyán yi, ó sì ti là ní ẹ̀gbẹ́. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ náà wí, ọ̀gá sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bá a wí. Ohun tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ yìí láti àárọ̀ ló gbé wá." Mo jẹ iyán náà pẹ̀lú awọ rẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rẹ̀ gbóná, ìyẹn sì tó fún mi.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a fi parí pálọ̀. Afẹ́fẹ́ tún ti dìde, ìka mi kò sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Èmi ni ọ̀gá ní kí n dúró títí pálọ̀ yóò fi dì débi tí ìka kò ti ní wọ̀ ọ́, kí n wọ́n omi sí i, kí n sì tẹ́ àpò tó ti rin lé e títí kan igun ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ṣe é dé ibi tí igun náà ti kù. Àpò kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, ó sì gbẹ, nítorí omi ti tán nínú kẹ́ẹ̀gì tó wà lọ́dọ̀ mi, èyí tó kù sì wà lẹ́yìn ilé. Mo wo igun náà, mo ro ti ọ̀kadà tí n óò gùn padà sí Àrámọkọ nínú òtútù yẹn. Mo fi àpò náà bo èjìká mi, mo sì lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, abẹ́ àpò dára, ó dúdú, ó sì tutù. Igun ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nìkan ló là, ìlà kan tó gùn tó apá mi. Ọ̀gá wo igun náà, ó wo èmi náà, bẹ́ẹ̀ ni àpò kòkó ṣì wà léjìká mi nítorí pé òun náà ni mo tún wọ̀ wá. Ó bọ́ ọ lọ́rùn mi, ó rì í sínú omi, ó tẹ́ ẹ síbi tó yẹ kó ti wà láti àná, ó sì ní ojoojúmọ́ ni n óò máa wá wọ́n omi sí gbogbo ilé náà títí ọjọ́ méje yóò fi pé. Mo wá, kò sì sí owó lórí rẹ̀.

Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí ojú ìlà náà láti ìgbà yẹn, Màmá sì ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá lọ kí i ní Ẹ̀fọ̀n, á kọ́kọ́ ká etí kápẹ́ẹ̀tì náà sókè kí ó tó ní kí n jókòó.