Lórí “agbọmọ”: èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ náà kò gbà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì pa ẹnu mọ́. Ọmọ mọ́kànlá ló ń wà lọ́wọ́ mi láti aago méje àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ní mọ́kànlá lọ́wọ́ kì í ráyè jà lórí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, “a” tàbí “olù” tí à ń lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà mi báyìí, ẹ óò sì rí i pé ẹnu ọ̀nà gan-an ni mò ń wí.

Ẹ jẹ́ kí n kó o jọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Kánádà ló béèrè ohun tí à bá máa pe ẹni tó ń gbowó bá èèyàn mójú tó ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ. Ó ní “olùtọ́jú-ọmọ” gùn, ó ń rùn bí ìwé ìjọba. Ló bá ṣẹ̀dá “agbọmọ”: bí agbẹ̀bí ti ń gba ẹ̀bí, tí agbowó ń gba owó, bẹ́ẹ̀ náà ni agbọmọ yóò máa gba ọmọ. Ẹni mẹ́rin kan sáárá sí i. Ẹnì kan ní “olùṣọ́mọ” lòun fẹ́. Ẹlòmíràn tún ní àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ náà, nítorí “ó gbé ọmọ ṣọ́” ni ìtumọ̀ orúkọ ìlú wa. Màá padà sórí ìyẹn, kò ní í lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, gírámà yín kò ní àléébù. Ohùn ìsàlẹ̀ orí “gbà” á di àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, fáwẹ́lì kan á jẹ èkejì, “gba ọmọ” á di “gbọmọ”, ẹ wá lẹ “a” mọ́ ọn. Ó péye. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo gbé e lọ sójú títì.

Ilé mi ni mo fi ṣe jẹ́lé-ó-sinmi, lójú ọ̀nà Under G, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tó ti bímọ ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Pátákó iwájú ilé ti ṣá. Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ pátákó, mo kọ ohun tí mo fẹ́ sínú ìwé fún un, mo fi àmì sókè, mo fi sísàlẹ̀: ÀWỌN AGBỌMỌ WA NÍ ÌFẸ́. Mo wọlé lọ pa ìdí ọmọ kan dà. Nígbà tí n óò fi jáde, ó ti kọ AWON AGBOMO WA NI IFE, lẹ́tà gbàgbàdà, ọ̀dà pupa. Mo ní àmì ńkọ́? Ó ní, “Mọ́mì, àmì kì í hàn lókèèrè.” Kò tíì kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nílẹ̀ tí ìyá ẹlẹ́kọ fi ń kọjá. Ìyá dúró. Ó kà á, ó tún un kà, ó sọ igbá ẹ̀kọ kalẹ̀, ó ní, “Gbọ́mọgbọ́mọ wo ló tún ní ìfẹ́?” Kí n tó ṣàlàyé “gbà” àti “gbé” fún un tán, ọlọ́kadà méjì ti dúró, obìnrin kan sì ti gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. 4,500 náírà ni mo fi ra ọ̀dà funfun tí mo fi pa á rẹ́. Tí oòrùn bá mú, a ṣì ń rí “GBOMO” lábẹ́ rẹ̀.

Àmì kan ṣoṣo ló wà láàárín agbọmọ àti agbọ́mọ. Láti 1974 ni àkọtọ́ òde-òní, ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, ti wà, ta ló ń rántí àmì lórí fóònù? Ẹ̀yin gan-an, ẹ̀gbọ́n, ẹ wo lẹ́tà yín ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ kọ “agbomo” níbẹ̀, kò sí àmì lórí ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ohùn kan péré ló ń gbà á lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹ má fi sọ òṣìṣẹ́ lórúkọ.

Kì í ṣe pé “gbé” fúnra rẹ̀ burú. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà a máa pe ọmọdébìnrin tó bá wọn gbé ọmọ ní agbọ́mọpọ̀n. Ẹ gbọ́ ìrù ọ̀rọ̀ yẹn: pọ̀n. O gbé ọmọ, ibo lo gbé e sí? Ẹ̀yìn. Agbọ́mọjó ńkọ́? O gbé e, ẹ jọ ń jó. Ọ̀rọ̀ náà ń jíyìn ọmọ fún olówó rẹ̀. Agbọ́mọ tó wá dúró gbagidi síbẹ̀, ọmọ dà? Èyí ni mo rò pé ó mú kí gbọ́mọgbọ́mọ máa dẹ́rù bani: ó gbé, ó tún gbé, kò sí ìrù, a kò rí ọmọ mọ́. “Gbà” náà kò sì ní ìrù. Ẹ̀bí tí agbẹ̀bí gbà, ó parí lọ́jọ́ kan. Owó tí agbowó gbà ti wọ àpò. Ọmọ tí mo gbà ní aago méje, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Olùṣọ́mọ kò tiẹ̀ yẹ kó pẹ́ lẹ́nu wa. Ẹ lọ dúró ní Tàkíè nílùú wa níbí ní ìrọ̀lẹ́, ẹ óò gbọ́ obìnrin tó máa ní, “Bá n ṣọ́ ọmọ yìí, mo fẹ́ sáré ra ata.” Ìṣẹ́jú márùn-ún ni “ṣọ́”. A ń ṣọ́ ẹrù, a ń ṣọ́ oko lọ́wọ́ ẹyẹ. Ohun tí a bá ń ṣọ́, bó ṣe wà la fẹ́ kí olówó rẹ̀ bá a. Ọmọ tí wọ́n gbé fún mi ní oṣù Kẹsàn-án tí kò lè jókòó, tó ń sáré kiri yàrá ní oṣù Kejì, mo ṣọ́ ọ ni?

Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ọmọ nínú Ògbómọ̀ṣọ́. Orí ló wà níbẹ̀. Orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun kan, ni Ṣọ̀ún Ogunlọlá gbé lọ fún Aláàfin gẹ́gẹ́ bí ìtàn wa ti sọ ọ́, Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ la gé kúrú. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí “mọ̀” yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ “ọmọ” níbẹ̀, kó lọ fọ etí.

Kí n má parọ́, alágbàtọ́ ni mo fẹ́ máa jẹ́ tẹ́lẹ̀. Gbà wà níbẹ̀, tọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ìrù dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń gbọ́ ọ lórí rédíò: “ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́”. Ìjókòó òbí ni wọ́n tẹ́ fún alágbàtọ́. Bí wọ́n bá pe òbí àti alágbàtọ́ sípàdé, àwọn ló ń wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló gé ọmọ wọn jẹ.

Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 ti ka ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, “caregiver” sì ni ìwé ìjọba ń pè wá lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ní Yorùbá ńkọ́? Àwọn kan ń pè mí ní àǹtí, àwọn mìíràn náánì. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan dúró níwájú mi, ó ń sọ lórí fóònù pé òun kàn fẹ́ já ọmọ sọ́dọ̀ “ọmọ ọ̀dọ̀ kan báyìí”. Ẹni ọdún 48 ni mí, mo ní NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, mo ti kó ọmọ jáde nílé. Kò sì fi bú mi o, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó fún mi ní owó omi. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni kò ní lẹ́nu. Mo jókòó lórí àga kékeré àwọn ọmọ títí ó fi lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ yìí, kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó ṣẹ̀dá rẹ̀: jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ̀gbọ́n ní ó ń tàbùkù ọmọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba mọ́kànlá fún ọjọ́ kan.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Ọmọ oṣù mẹ́rìnlá kan dé ọ̀dọ̀ mi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, orúkọ òyìnbó ló ń jẹ́, ó gùn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ké. Mo bi ìyá rẹ̀ léèrè pé kí ni oríkì rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Oríkì bíi ti báwo?” Ló bá pe ìyá tó bí i lọ́mọ ní Ìkòyí-Ilé, ó jẹ́ kí fóònù máa dún síta. Mo gbọ́ bí ìyá àgbà náà ṣe dákẹ́ lọ bí ìgbà tí ẹ̀rọ já, kó tó ní, “Àjọkẹ́ ni. Àṣé ẹ ò tíì máa pè é?” Ìyá ọmọ fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́. Ọmọ náà kò dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o, iṣẹ́ ìyanu kọ́ ni mò ń rò. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó máa yíjú bí mo bá pè é.

Èmi ni orúkọ náà kò jẹ́ kí n sùn. A jọ kẹ́ ẹ: ìyá rẹ̀, ìyá àgbà, èmi. Ẹ wo oríkì àwọn ọmọbìnrin wa: Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́, Àpèkẹ́, Àníkẹ́, Àmọ̀kẹ́. A bẹ̀ ẹ́, a dù ú, a ṣà á, a pè é, gbogbo ọ̀nà tí ọmọ fi lè dé ọwọ́ èèyàn ni wọ́n kà sílẹ̀, wọn kò sì fi ọ̀kan sílẹ̀ láìní ìrù. Kẹ́ ni ìrù náà. Ó tún ku Àtọ́kẹ́: a tọ́ ọ, a kẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ Ajé lẹ ti ń wá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ mi, ìyá arúgbó kan sì fi ẹnu pè é láti Ìkòyí.

Mi ò ní kí ẹ máa pè mí ní olùkẹ́mọ, ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Mo mọ̀ pé àkẹ́bàjẹ́ wà, méjì wà lọ́dọ̀ mi. Mo kàn ní kí ẹni tó fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ yà nílé oríkì kó tó dé ilé agbowó.

(Ọmọ bàbá kan tó wá láti Bẹ́núè wà lọ́dọ̀ mi, kò ní oríkì. Àkànní ni mò ń pè é. Bàbá rẹ̀ náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀.)

Èmi ni,
Ìyá Jẹ́lé, Ògbómọ̀ṣọ́

—

Ọmọ mi Ìyá Jẹ́lé,

Mo kà á. Ọdún 35 ni mo fi kọ́ èdè yìí ní kíláàsì kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà gbọ́ mi. Àtọ́kẹ́ tí o tú yẹn, o tú u gba ibi tí kò sí. “Tọ́” ibẹ̀ kì í ṣe ti títọ́ ọmọ. “Ó tọ́, ó yẹ” ni: ẹni tó tọ́ ká kẹ́. Bàbá mi ló tú u fún mi, àgbà Ọ̀yọ́ sì ni, a kì í lọ yá Yorùbá lò ní Ògbómọ̀ṣọ́.

O ní gbé tí kò nírù, olè ni. Àjàgbé ńkọ́? Gbé ló kẹ́yìn rẹ̀. Gbọ́mọgbọ́mọ ló sọ wọ́n lórúkọ? Ọkùnrin là ń gbé, obìnrin là ń kẹ́, o sì ka ti obìnrin nìkan.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìṣirò, wọ́n ṣẹ̀dá fún sáyẹ́ǹsì, wọn kò dúró de ẹlẹ́kọ kó tó gbà á wọlé. Ọ̀rọ̀ tuntun a máa kọ́kọ́ ta létí.

Ọmọ Bẹ́núè yẹn, Àkànní ìdílé ta ni? Oríkì ní orílẹ̀, ìran tí ọmọ ti ṣẹ̀ wá, tó ń tẹ̀ lé e. O fún ọmọ ọlọ́mọ ní orí láìsí ara.

Bàbá Akọ́mọlédè, Ọ̀yọ́

—

Bàbá, mo kúnlẹ̀, ẹ kú iṣẹ́.

“Tọ́” tó jẹ́ “yẹ” kì í bá “a” rìn bẹ́ẹ̀. A ń sọ pé ó tọ́, ó yẹ. Ta ló ń sọ pé “a yẹ ọmọ”? Àtọ́kẹ́ ni ìyá mi ń jẹ́, òun náà mọ ẹni tó sọ òun. Bàbá yín lè tú ti ìdílé yín bí ó ti wù wọ́n.

Ti Àjàgbé, ẹ wo iwájú rẹ̀: a jà kí a tó gbé e. Olè kì í jà kó tó gbé, ńṣe ló ń yọ́. Ṣùgbọ́n mo gbà pé mo fi ti ọkùnrin sílẹ̀. Mẹ́fà nínú mọ́kànlá mi ni ọkùnrin, mò ń kẹ́ wọn, wọ́n sì ń gbá mi létí.

Ti Àkànní, ẹ fún mi ní orílẹ̀ tí n óò fi kún un, bí ẹ bá ní.

Orúkọ tí ẹ fi ń kọ̀wé síbí ńkọ́, Bàbá? Akọ́mọlédè. Ẹ gé “lédè” kúrò kí ẹ wò ó bóyá a ó mọ ohun tí ẹ kọ́ ọmọ.

Ìyá Jẹ́lé

—

E ku ijiroro o. Ti mo ba fi iru si i nko: agbomoke?

(láti orí fóònù, Kánádà)