Ọ̀rọ̀ gèlè inú fọ́tò yẹn ti yanjú o

Ẹ kú àdúrótì. Níjẹta ni mo bèèrè ìdí tí GIMP (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe) fi ń kó aṣọ orí àga mọ́ gèlè, nígbà tí mo fẹ́ sọ gèlè elésè àlùkò inú fọ́tò ìnáwó di àwọ̀ ewé.

Ẹ̀bi tèmi ni. Select by Color ni mo ń lò, ìyẹn kì í sì í wo ibi tí nǹkan wà: gbogbo àwọ̀ tó bá ti jọ èyí tí mo tẹ̀ ló ń kó. Fuzzy Select ló yẹ kí n mú. Ibi tí a bá tẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó fara kàn án nìkan ló ń tẹ̀ lé.

Ìyẹn náà kọ́kọ́ dà mí láàmú. Threshold (bí àwọ̀ ṣe lè yàtọ̀ sí èyí tí a tẹ̀ tó kó ṣì kó o) wà ní 15, ó ń dúró lẹ́nu gbogbo ìṣẹ́po gèlè nítorí òjìji. Mo gbé e sókè, ló bá ya wọ iwájú orí màmá wa! Àfìgbà tí mo yí Select by (ohun tó fi ń wo bóyá àwọ̀ jọra) kúrò ní Composite (àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lápapọ̀) sí HSV Hue (irú àwọ̀ nìkan, bó mọ́lẹ̀ bó ṣókùnkùn). Òjìji lè mú kí elésè àlùkò ṣókùnkùn, àmọ́ elésè àlùkò náà ṣì ni. Mo di Shift mú kó lè máa fi kún èyí tó ti kó, mo sì ń tẹ èyí tó ṣẹ́ kù. (Gèlè funfun tàbí dúdú kò ní gbọ́ ti Hue o.)

Ẹni tó ní kí n fi ọwọ́ fa ìlà Free Select yí gèlè ká, ẹ ṣé, sùúrù yẹn ni mi ò ní.

Màmá ti rí fọ́tò. Wọ́n ní ìgbà wo làwọn ra gèlè aláwọ̀ ewé.