Sítóò kòkó àtijọ́ ni mo fẹ́ sọ di ilé àti ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ra sítóò kòkó àtijọ́ kan ní Kàbà. Ẹ̀yìn la ó máa gbé, iwájú á jẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ògiri rẹ̀ le bí àpáta, hóró kòkó ṣì há sábẹ́ ìlẹ̀kùn. Òrùlé ló dà mí láàmú: asbestos ni, ó ti sán níbi mẹ́ta. Bíríkìlà mi ní ká fi ayùn gé e. Mo kọ̀, eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti tú irú ẹ̀ rí láìfọ́ ọ? Ibo lẹ kó o lọ? Ògiri búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 9 ńkọ́, ṣé ó lè dí ariwo ẹ̀rọ ìlagi? Ìyàwó mi ti ní lọ́jọ́ tí eruku pákó bá bọ́ sọ́bẹ̀ òun, Ìsánlú lòun ń padà sí.