Ẹ̀dín kì í ṣe búburú: lórí orúkọ tí a ó fún apá méjèèjì àtẹ àmì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, mo sì pa ẹnu mọ́, torí pé ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ju mí lọ lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé àwọn olùkọ́ méjì ti fẹ́ gbé e wọ kíláàsì, n kò lè dákẹ́ mọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀gbọ́n wa ní kí a máa pe nọ́ńbà tó ju òdo lọ ní "iye rere", kí a pe èyí tí kò tó òdo ní "iye búburú". Àtẹ tí a fi ń wá ibi tí fọ́ńkíṣọ̀n (ìlànà tó ń sọ nọ́ńbà kan di òmíràn) ti ju òdo lọ àti ibi tí kò ti tó o yóò wá máa jẹ́ "àtẹ rere òun búburú".

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ yìí kò dára. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ wò kí ẹ tó dá a, ẹ kò wo Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "positive", pe ìròyìn ayọ̀ àti nọ́ńbà. Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi náà ti ṣe é rí. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, "rere" àti "búburú" ni mo lò ní SS2. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, ó kàn wọ̀ mí lẹ́nu ni. Mo kọ (x + 2)(x − 3) < 0 sójú pátákó. Mo fa ìlà, mo fi −2 àti 3 sí i, ìlà pín sí mẹ́ta. A mú nọ́ńbà kan nínú apá kọ̀ọ̀kan, a fi dán an wò: −3 fún wa ní 6, 0 fún wa ní −6, 4 fún wa ní 6. Mo wá kọ "rere, búburú, rere" sórí ìlà. Ibi tí kò ti tó òdo ni ìbéèrè ń wá, ìyẹn àárín −2 sí 3. Ọmọbìnrin kan tó mọ ìṣirò dáadáa jáde wá, ó fi ṣọ́ọ̀kì kun apá méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi àárín sílẹ̀ lófìfo. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Sà, ṣé búburú la fẹ́ mú ni?" Ìṣirò rẹ̀ kò ní àṣìṣe kankan. Ọ̀rọ̀ tèmi ló ṣì í lọ́nà. Mo nu ọ̀rọ̀ méjèèjì kúrò lójú pátákó, n kò sì kọ wọ́n síbẹ̀ mọ́ títí di òní.

Kí ló wá dé tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ kiri nígbà tí òǹkà wa kún fún un? Lé àti dín. Mọ́kànlélógún, mọ́kàndínlógún. Àádọ́ta gan-an tó ń dá dúró bí ẹni pé kò ní nǹkan kan nínú, ọgọ́ta ó dín mẹ́wàá ló wà níkùn rẹ̀. Bí ìyá ìyá mi bá ń ka iṣu lóko, ogún ogún ló máa ń tò ó. Èyí tí kò bá pé, á ní "ó dín mẹ́ta". Èyí tó bá kọjá, á ní "ó lé méjì". Kò sẹ́ni tó gbọ́ "ó dín" lẹ́nu rẹ̀ tó rò pé iṣu ti jẹrà. Lóko yẹn kan náà, ebè yọ sókè, poro rì sísàlẹ̀, ilẹ̀ tó tẹ́jú wà láàárín wọn. Tí òjò bá rọ̀, inú poro lomi ń gbà lọ. Àgbẹ̀ wo ní gbogbo Èkìtì ló ń pe poro ní búburú?

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ tẹ àmì + àti − sínú ìwé. Johannes Widmann ló tẹ̀ wọ́n jáde ní Leipzig, ní Jámánì, ní 1489, nínú ìwé ìṣirò fún àwọn oníṣòwò. Ohun tó lé àti ohun tó dín ló fi wọ́n sọ.

Ẹni tó ní kí a lo "èrè" àti "gbèsè" náà ní ẹlẹ́rìí. Ní 628, Brahmagupta, onímọ̀ ìṣirò ní Íńdíà, fi ọ̀rọ̀ dúkìá pe èyí tó ju òdo lọ, ó sì pe èkejì ní gbèsè. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìtìjú ń bẹ lára gbèsè láàárín tiwa, ọmọ tí wọ́n wá sin bàbá rẹ̀ lówó lánàá kò ní fara balẹ̀ gbọ́ pé gbèsè lọ́nà gbèsè di èrè.

Ibi tí ìjà wà gan-an ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìró tí a ń fi síwájú ọ̀rọ̀ láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni lé àti dín, ọ̀rọ̀-orúkọ la sì ń wá. Ẹnìkan mú ì- wá: ìlé, ìdín. Ó kù díẹ̀ káàtó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé ohùn òkè kan péré, ìdin ló kọ yẹn, èyí tó ń rìn nínú ẹran tó ti bàjẹ́. Ì- yìí tún ti dá ìjà mìíràn sílẹ̀, torí àwa níhìn-ín ń pe ilé ní ulé, igi ní ugi, àwọn kan sì ní bí ì- bá wọlé, ù- náà gbọ́dọ̀ wọlé. N kò ní bá wọn dá sí i lónìí. Ẹlòmíràn mú à- wá: àlé, àdín. Epo tí a ń yọ lára èkùrọ́ ni àdín, àlé sì sún mọ́ àlè jù fún ọmọ ọdún 15. Àpètúnpè náà kò gbà wá, nítorí dídín là ń dín àkàrà, lílé là ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu.

Ọjà ti bá wa yanjú rẹ̀ tipẹ́. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba l'Adó. Owó tó gorí owó ni owó èlé. Ohun tí wọ́n bá yọ kúrò lórí iye ọjà ni ẹ̀dínwó. Ẹ wo àfòmọ́ tó jókòó síbẹ̀. Èlé. Ẹ̀dín. Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè, nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá sì fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí ìkan jẹ́ è- tí èkejì jẹ́ ẹ̀-, kó kọ́kọ́ pe ẹ̀bi, ẹ̀rín àti ẹ̀bùn sókè kó gbọ́ ohun tó wà níwájú wọn.

Bàbá wa kan ní Ìkọ̀lé kọ̀wé pé èlé kò dùn mọ́ òun létí, pé ẹni tí ọwọ́ olówó èlé ti bà rí kò ní fẹ́ rí i nínú ìwé ọmọ rẹ̀. Bàbá, ó wọ̀ mí lára. Mo mọ̀ pé ohun tí mo sọ sí gbèsè lẹ fi dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n lé tó wà nínú èlé náà ló wà nínú mọ́kànlélógún, owó tó wà níwájú rẹ̀ ló sọ ọ́ di kíkorò. Ẹ yọ owó kúrò, ẹ tún un pè.

Tí a bá gba èlé àti ẹ̀dín, àlàyé yòókù á máa já gaara. Fọ́ńkíṣọ̀n tí kò já, ìyẹn èyí tí ìlà rẹ̀ kò gé níbì kankan, kò lè kúrò nínú èlé bọ́ sínú ẹ̀dín láìkan òdo, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kan ṣoṣo fi tó láti dán odindi apá kan wò. (x − 1)² ní tirẹ̀ á kan òdo ní 1, á sì padà síbi tó ti wá, èlé lọ́tùn-ún, èlé lósì. Ẹ jọ̀ọ́, òdo ni mo wí o. Ẹni tó kọ "oju odo" láìfi àmì ohùn sí i ló jẹ́ kí àwọn kan máa sọ̀rọ̀ omi láti àná. Òdo kì í ṣe odò, kì í sì í ṣe odó. "Ojú òdo" náà, ìyẹn ibi tí fọ́ńkíṣọ̀n ti kan òdo, kò tilẹ̀ tó fún gbogbo ibi tí ìlà ti pín, torí 1/(x − 4) jẹ́ ẹ̀dín lápá òsì 4, ó jẹ́ èlé lápá ọ̀tún, kò sì kan òdo níbì kankan, torí ó já ní 4. Ààlà ni mo máa ń pe irú ibẹ̀, bí ààlà oko.

Ẹni tó ní òun ti lo ọgbọ̀n ọdún ní yunifásítì, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Èmi ti lo mọ́kàndínlógún níwájú pátákó. Láti 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò n'Ífẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ "rere àti búburú" la ó bá lọ́wọ́ ara wa.

Ní ti àtẹ, ẹ̀yin tí ẹ ní ara tẹ́ ló ti wá, ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí ohùn òkè rẹ̀ wọ̀ lọ fún mi. Títí dìgbà náà, n kò tíì gbà. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la ni mo ní SS2. Èlé, ẹ̀dín, èlé ni mo máa kọ sórí ìlà.